Èló ló tọ́ kí alágbàtà máa mú nínú owó kámẹ́rà?

Ọmọ_Ìgbógbó:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Ìkòròdú ni mò ń gbé. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mò ń ṣe: àwọn àgbàlagbà tó wà lókè òkun ń wò mí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi tókìn, ìyẹn owó orí ìkànnì tí wọ́n ń rà, ta mí lọ́rẹ. Ẹnikẹ́ni kò fi tipá mú mi wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá.

Ilé ọ̀gá kan lẹ́yìn Ìgbógbó la ti ń ṣe é, àwa mẹ́rin. Òun ló ra kámẹ́rà, òun ló ra iná. Àdéhùn wa ni ìdajì sí ìdajì. Lóṣù tó kọjá, ó ní tókìn 9,400 ni mo pa. Sẹ́ǹtì 5 ni ìkànnì náà ń san lórí tókìn kan, ìyẹn $470. Ó da ojú fóònù rẹ̀ délẹ̀, ó ya etí páálí Indomie, ó fi báírò pupa kọ 235, ó fi ₦1,100 fún dọ́là kan lù ú. Ó tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: epo jẹnẹrétọ̀ 60,000, dátà 40,000, yàrá 50,000. ₦108,500 ló kà lé mi lọ́wọ́. Páálí yẹn ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Mo ní mo fẹ́ lọ dá dúró. Ó ní fídíò mi wà lọ́wọ́ òun, òun sì mọ ilé ìyá mi ní Sábó. Ìyá mi rò pé ibi tí wọ́n ti ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà ni mò ń lọ lálẹ́. N kò rí oorun sùn mọ́. Èló ló tọ́ kó mú?

Ìyá_Ẹlẹ́ja:
Ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ẹ, inú mi kò dùn sí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n owó lo béèrè. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ta ẹja. Àwọn àgbà ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àmọ́ èyí tó ń gbé ẹja bá mi létí omi, mo mọ iye tó rà á, mo mọ iye yìnyín. Bí a bá jọ da owó pọ̀, orí àpapọ̀ la ti ń yọ owó yìnyín àti owó ọkọ̀, ká tó pín èyí tó kù. Ọ̀gá ẹ gbé ìdajì tiẹ̀ sápò ná, ó wá ti gbogbo ìnáwó sọ́rùn tìẹ. Alájọ tó ń rìn nínú oòrùn látàárọ̀ dalẹ́, owó ọjọ́ kan péré ló ń mú lóṣù!

Bàbá_Ògólóńtó:
Arábìnrin, kúrò nílé yẹn. Ẹni tó ń fi ìyá ẹni halẹ̀ mọ́ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ti owó.

Aríkẹ́_Àgbádárìgì:
Àbúrò mi, ọdún méjì ni mo fi ṣe é lábẹ́ ọ̀gá kí n tó dá dúró. Ìdajì nìkan ni gbogbo wa ń wò, ibi tó ti ń jẹ ẹ́ jù ni dọ́là. Bó bá jẹ́ ₦1,500 ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ yẹn, tó fi 1,100 ṣírò, ₦94,000 ti lọ nínú $235 rẹ kó tó dórí epo. Ṣe é bí Ìyá Ẹlẹ́ja ṣe wí: $470 jẹ́ ₦705,000, yọ 150,000, ó ku 555,000, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 277,500. ₦169,000 rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Rántí pé ìkànnì ti mú tiẹ̀. Ẹni tó ń wò ẹ́ ń ra tókìn kan ju sẹ́ǹtì 5 lọ. OnlyFans, ìkànnì míì tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ń mú 20 nínú 100, wọ́n sì sọ ọ́ síta kí èèyàn tó wọlé. Ní tèmi, bó bá pèsè yàrá, iná àti dátà, 30 nínú 100 ni, kí gbogbo ìnáwó sì wà nínú ẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé: ìwọ fúnra rẹ ni o rí 9,400 yẹn, àbí ẹnu rẹ̀ lo ti gbọ́ ọ? Íméèlì ta ni wọ́n fi ṣí àkáǹtì rẹ lórí ìkànnì náà? Ní ti ìhàlẹ̀, bó bá wá lórí fóònù, má pa á rẹ́. Òfin Cybercrimes ti 2015, òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, abala 24, ka ìhàlẹ̀ láti ba orúkọ èèyàn jẹ́ nítorí owó sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbéni lọ sẹ́wọ̀n.

Ọmọ_Ìgbógbó:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ohùn lórí WhatsApp ni, mo ti fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Íméèlì rẹ̀ ni wọ́n fi ṣí i, ṣùgbọ́n káàdì ìdánimọ̀ tèmi ni. Nírọ̀lẹ́ yìí ó lọ ra epo, ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ láìpa á. Mo wo oṣù tó kọjá. Tókìn 11,250 ló wà níbẹ̀. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀.