Ẹni tó wọn kíló 70: ṣé 64 ni yóò wọ̀n ní Saturn àbí 74?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Tábìlì ìwúwo ara lórí àwọn plánẹ́ẹ̀tì, fún kíláàsì JSS3, ni mò ń ṣe. Fún ẹni tó wọn kíló 70 níbí, ibì kan kọ 74.5 fún Saturn, ibòmíràn kọ 64. Èwo ni ká mú? Ìkejì: Mars tóbi ju Mercury lọ dáadáa, síbẹ̀ kíló 26 àti díẹ̀ ni wọ́n kọ sí iwájú àwọn méjèèjì. Ṣé àṣìtẹ̀ ni?

Ìdáhùn 1
Kì í ṣe àṣìtẹ̀. Bí plánẹ́ẹ̀tì ṣe wúwo tó, àti bí ojú rẹ̀ ṣe jìnnà sí àárín gbùngbùn rẹ̀ tó, ló ń pinnu òòfà rẹ̀. Ẹ pe ti Ayé ní 1. Ìwúwo Mars jẹ́ 0.107, ìjìnnà yẹn jẹ́ 0.532. Ẹ fi 0.532 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di 0.283. Ẹ wá fi 0.283 pín 0.107, ẹ ó rí 0.378. Ti Mercury jẹ́ 0.0553 àti 0.383, ẹ ṣe é bákan náà, 0.377 ni. Mercury kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì dúró lórí rẹ̀ súnmọ́ àárín rẹ̀ gan-an. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbàgbé láti fi ìjìnnà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń dàrú.

Ìdáhùn 2
Ní ti Saturn, méjèèjì tọ̀nà. Saturn kò ní ilẹ̀ téèyàn lè tẹ̀, nítorí náà ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń tẹ nǹkan bíi ti etí òkun Ayé ni wọ́n ń pè ní ojú rẹ̀. Òòfà níbẹ̀ jẹ́ 10.44 (lórí òṣùwọ̀n tí ti Ayé fi jẹ́ 9.81), òun ló bí 74.5. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́wàá àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni Saturn fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹrẹ̀ ṣe ń ta kúrò lára táyà, bẹ́ẹ̀ ni yíyí náà ń fẹ́ ta nǹkan síta, pàápàá ní agbedeméjì rẹ̀. Ẹ yọ ìyẹn, ó ku 8.96: kíló 64 nìyẹn. Jupiter náà rí bẹ́ẹ̀: 24.79 fún yín ní 177, 23.12 fún yín ní 165. Àgùàlà ní tirẹ̀ ń lo ọjọ́ 243 kó tó yí po, yíyí rẹ̀ kò dín nǹkan kan kù, 63 ni.

Ìdáhùn 3
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ kíló sí tábìlì yẹn. Bí ara ẹni náà ṣe pọ̀ tó ni kíló ń sọ, ìyẹn kò sì dín kù níbikíbi. Òṣùwọ̀n onísípíríǹgì nìkan ló máa fi 11.6 hàn lórí Òṣùpá. Èyí tí a ń gbé òkúta ìwọ̀n sí apá kejì rẹ̀ yóò ṣì sọ pé 70, torí òòfà ń fa apá méjèèjì bákan náà. Ẹni tó bá sáré forí gbá ògiri lórí Òṣùpá, bó ṣe máa dùn ún ní Ayé náà ló máa dùn ún. Newton, òṣùwọ̀n agbára tí òòfà fi ń fa nǹkan, ni kẹ́ ẹ lò: 70 lọ́nà 9.81 jẹ́ 687 ní Ayé, 70 lọ́nà 1.62 jẹ́ 113 lórí Òṣùpá.

Olùbéèrè
Ó yé mi wàyí, ẹ ṣeun gan-an. Màá ṣe òpó méjì fún Jupiter àti Saturn, ọ̀kan láìka yíyí sí, ọ̀kan ní agbedeméjì, màá sì yí gbogbo rẹ̀ sí Newton.