Oníbàárà fẹ́ ra mẹ́rin nínú àwòrán mi kí ẹsibíṣọ̀n wa tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ayàwòrán Òkè Fìà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìjẹta, mi ò sì rí oorun sùn dáadáa. Òṣogbo ni mò ń gbé, àwòrán ni mò ń yà, òun náà ni mo fi ń tọ́ ọmọ méjì. Àwa méje la kóra jọ láti ṣe ẹsibíṣọ̀n ní oṣù kẹjọ yìí, a fẹ́ kó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun gan-an torí ìgbà yẹn lèrò máa ń wọ̀lú, ará Èkó, ará Amẹ́ríkà, ará Brazil, igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005 ni wọ́n ń bọ̀ wá wò, tí wọ́n bá sì jáde níbẹ̀ wọ́n máa ń wá nǹkan tí wọ́n máa rà lọ sílé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa dá ₦45,000, òun la fi háyà gbọ̀ngàn ọjọ́ mẹ́ta, òun la fi tẹ bánà, òun náà la fi ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Àdéhùn wa ni pé àwòrán mẹ́fà mẹ́fà lẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbé wá, iye tá a bá kọ sí i la máa tà á, kí 20% nínú gbogbo ohun tó bá tà sì wọ àpò ẹgbẹ́ ká lè rí owó ṣe ti ọdún tó ń bọ̀. A ò kọ ọ́ sílẹ̀ o, ẹnu la fi sọ ọ́ nílé ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ alága wa.

Wàyí o, ọkùnrin kan wá sílé mi lọ́jọ́ Túsìdé, ẹnì kan tó ti ra iṣẹ́ lọ́wọ́ mi rí ló júwe mi fún un. Ó wo àwọn mẹ́fà tí mo ti tò sára ògiri pálọ̀, ó mú mẹ́rin, ó ní òun máa san ₦400,000 lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú ẹsẹ̀, tiránsífà, ṣùgbọ́n kí n má gbé wọn dé gbọ̀ngàn rárá, kí n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́. Ó tún ní òun máa fi wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ òun. ₦150,000 ni mo fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé iye owó tí ẹgbẹ́ ti tẹ̀ jáde. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́nà, ₦210,000, mo sì tún jẹ kápẹ́ńtà tó bá mi ṣe fúrémù ní ₦72,000.

Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn ni Ìyá Aláró. Ìyá tó bí ìyá mi ni mo yà síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ìkòkò aró, ó ń fi igi rò ó, aró ti kun ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi yà á torí àwọ̀ ọwọ́ yẹn kọ̀, kò jáde, gbogbo bí mo ṣe ń po ọ̀dà ló ń dà bí ìbọ̀wọ́, àfìgbà tí mo lọ ra elú gidi tí mo lọ̀ ọ́ kúnná tí mo fi po ọ̀dà. Òun náà ló wà lórí bánà wa, bánà yẹn sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Ẹdẹ:
Àbúrò mi, gba owó ẹ jàre. Àdìrẹ ni mo ń tà, mo ti pàtẹ rí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, èrò ń wọlé, èrò ń jáde, wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò, wọ́n ń sọ pé ó dáa, ó rẹwà, ẹ ṣe é ni o mà. Wọn ò rà á! Mo kó ẹrù mi padà sílé pẹ̀lú gbèsè mọ́tò. Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ tó sì fẹ́ rajà, a kì í ní kó lọ kó padà wá. Ọmọ ẹ á wọ ilé ìwé, ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ rò. Ẹgbẹ́ á yé wọn.

Bọ̀dá Fúrémù, Ìlobùú:
Pẹ̀lẹ́ o. Mi ò ní pé ọ̀rọ̀ màmá òkè yìí ò dáa, owó ilé ìwé kì í ṣe nǹkan eré, ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Mo ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn kí n tó padà sílé, èmi ni mo ń bá àwọn ayàwòrán kan ṣe fúrémù, àwọn mẹ́sàn-án, wọ́n fẹ́ pàtẹ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe fẹ́ ṣe é yìí. Ọ̀kan nínú wọn ta mẹ́ta níkọ̀kọ̀ ní ìdajì owó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ o. Àfi ìgbà tó di ọjọ́ ìṣípàtẹ tí ẹni tó rà á fúnra rẹ̀ wá, tó ń sọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ má dá ìwé iye owó yẹn lóhùn, ìdajì ni wọ́n ń gbà, òun ti rà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà yẹn lọ, kò sí oníbàárà tó dé iwájú àwòrán kankan tí kò pín in sí méjì kó tó lanu. Àwọn mẹ́jọ yòókù ò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Nígbà tó hàn sí wọn, ẹgbẹ́ tú ká, àwọn kan ò sì kí ara wọn dòní. Èmi fúnra mi ò rí owó fúrémù gbà pé.

Ẹni tó bá ní kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni, òun gan-an ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́.

Tíṣà Yábàá:
Ohun tí mo rí ni pé ẹ ń rò ó bí ẹni pé ọ̀nà méjì ló wà, tà á níkọ̀kọ̀ tàbí kó o pàdánù oníbàárà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó rà á báyìí, kó san owó àsansílẹ̀, ó kéré tán ìdajì, kó o kọ ríṣíìtì fún un, kí àwòrán ṣì wà lára ògiri títí ìpàtẹ á fi parí, kó o wá lẹ àmì pupa róbótó yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ gálárì rí ló mọ ohun tí àmì yẹn jẹ́. Ó ti tà nìyẹn. Àti pé àmì pupa tó bá ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ ìṣípàtẹ tó pé, òògùn ọjà ni, ẹni tó ń ṣiyèméjì níwájú tẹlòmíì á yára mú tiẹ̀.

Ní ti owó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Mẹ́rin ní ₦150,000 jẹ́ ₦600,000. Ẹni tó bá ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kò sí nǹkan tó burú tẹ́ ẹ bá yọ 10% fún un, kí alága yín mọ̀ sí i, ìyẹn di ₦540,000. Yọ 20% ti ẹgbẹ́, ìyẹn ₦108,000, ó ku ₦432,000 tó máa dé ọwọ́ ẹ. Òun fẹ́ fún ẹ ní ₦400,000! Pẹ̀lú kọ́mísọ̀n, pẹ̀lú ẹ̀dínwó, owó ẹ ṣì ju tìkọ̀kọ̀ lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sáré.

Ayàwòrán Òkè Fìà:
Háà. Ẹ ṣeun sà. Mi ò ṣírò ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìdẹ̀rùn tí mo rí nínú ₦400,000 yẹn ni pé kì í ṣe àpò ẹnikẹ́ni ni nǹkan kan máa wọ̀ nínú ẹ̀, mi ò rò ó dé ibi tí ó ti dín.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ọmọ mi, ìlú tó o wà yẹn, ẹgbẹ́ ló sọ ọ́ di ìlú àwòrán. Ní 1962 tí Dúró Ladipọ eléré orí ìtàgé àti òyìnbó kan, Ulli Beier, dá Mbari Mbayo, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, àwọn ará Òṣogbo ló yí i sí tiwọn, wọ́n ní bí àwọn bá rí i, àwọn á yọ̀. Ibẹ̀ làwọn ọmọ wa ti kọ́ àwòrán yíyà, pàápàá lọ́wọ́ Georgina Beier ní 1964. Twins Seven-Seven wà níbẹ̀, Mùráínà Oyèlámì wá láti Ìràgbìjí, Rufus Ògúndélé, Adébísí Fabunmi, Jímọ̀ Bùráímọ̀ tó jẹ́ pé iná orí ìtàgé ló ń tò fún Dúró tẹ́lẹ̀ kó tó di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Ọwọ́ wọn ò jọra rárá, ti Twins kún fún iwin àti ẹranko bí ẹni ń lálàá, ti Mùráínà sì jẹ́ ojú èèyàn. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo làwọn òyìnbó fi ń pè wọ́n, àwọn ayàwòrán Òṣogbo. Orúkọ yẹn ló ń mú oníbàárà wọ ọkọ̀ wá síbí títí dòní, òun náà ló mú ọkùnrin yẹn dé pálọ̀ rẹ. Má bà á jẹ́ nítorí owó oṣù kan.

Ìyá Ìbejì Ẹdẹ:
Bàbá, ẹ ṣeun, a gbọ́. Àmọ́ orúkọ ò san ₦210,000. Tí oníbàárà bá bínú lọ ńkọ́? Ta ló máa san án?

Bọ̀dá Fúrémù, Ìlobùú:
Màmá, àsansílẹ̀ tí Tíṣà sọ yẹn ló máa san án. Ìdajì ₦540,000, ṣé ẹ rí i pé ó ju owó ilé ìwé lọ. Kápẹ́ńtà á ní sùúrù, èmi náà máa ń dúró de àwọn tèmi di ìparí ìpàtẹ tí wọ́n bá ti bá mi sọ ọ́ dáadáa.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Èmi ò tiẹ̀ fara mọ́ ₦150,000 yẹn rárá. Ṣé ẹ gbàgbé Tutu ni, àwòrán Adétútù Adémilúyì ọmọ ọba Ifẹ̀ tí Ben Enwonwu yà, ní 2018 ó ta ju mílíọ̀nù kan pọ́ùn lọ ní London. Ẹ fi owó gidi sí iṣẹ́ yín!

Àbúrò Lọ́yà:
Bọ̀dá Ẹ̀gbá, 1994 ni Enwonwu kú. Kò sí nílé ayé nígbà tí owó yẹn wọlé. Iye tó bá bá ọjà ìlú rẹ mu ni kó o fi sí i, kó o máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, torí tó o bá gbé e sókè kò dára kó o tún já a wálẹ̀ mọ́.

Ohun tó kàn mí jù ni kàlẹ́ńdà yẹn, mo sì rí i pé kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Àǹtí, tẹ́ ẹ bá ta àwòrán, kánfáàsì àti ọ̀dà lẹ tà. Ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sórí nǹkan míì ṣì jẹ́ tiyín, bẹ́ẹ̀ ni òfin ẹ̀tọ́ àtẹ̀dà wa ti 2022 wí, ó wà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi kú, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín fún 70 ọdún lẹ́yìn ìyẹn, àyàfi tẹ́ ẹ bá fi ìwé gbé e fún ẹlòmíì. Tó bá fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà, owó ọ̀tọ̀ ni, ìwé ọ̀tọ̀ ni, ẹ kọ iye tó máa tẹ̀ àti ọdún tó wà fún sínú ẹ̀. Ẹ tún kọ ọ́ sórí ríṣíìtì pé kò sí ẹ̀tọ́ àtẹ̀dà nínú ohun tó rà. Òfin yẹn kan náà tún fún ayàwòrán ní ìpín nígbà tí wọ́n bá tún iṣẹ́ rẹ̀ tà ní gbàǹjo tàbí lọ́wọ́ oníṣòwò àwòrán, ìdí nìyẹn tó fi dára kẹ́ ẹ ní orúkọ ẹni tó rà á àti déètì nínú ìwé yín, gbogbo ẹ̀yin méjèèje.

Àǹtí Peckham:
Ẹ kú ìmúra o. Kékeré ni tèmi. Àwa tá à ń wálé fún ọdún Ọ̀ṣun, ohun tó máa ń bà wá lẹ́rù ni pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn aṣọ́bodè á ní káwọn rí ìwé NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pé kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lo gbé. Tẹ́ ẹ bá lè kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé ẹ máa bá oníbàárà gba ìwé yẹn, tẹ́ ẹ sì fún wọn ní ríṣíìtì tó ní orúkọ ayàwòrán, ọdún tó yà á àti ìwọ̀n rẹ̀, ọkàn wa á balẹ̀. Ẹ sì bá wa yọ ọ́ kúrò lára fúrémù, ẹ ká a, kí ojú ọ̀dà wà ní òde, ẹ sì tì í bọ inú páìpù oníke. Ẹnì kan ká tèmi sínú lọ́dún kan, ọ̀dà ti sán kó tó dé London, mo sunkún.

Ayàwòrán Òkè Fìà:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Mo lọ bá alága wa lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, mo jókòó, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un bó ṣe rí, ẹ̀rù ń bà mí. Kò bínú. Ó ní ẹlòmíì méjì nínú wa ni ọkùnrin yẹn ti lọ bá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, ìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ara mi bù máṣọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà la pe ìpàdé, àwa méjèèje, a kọ àdéhùn wa sílẹ̀, ẹ̀dínwó 10% fún ẹni tó bá ra mẹ́ta sókè, kò sí títà kankan lẹ́yìn ìwé, a buwọ́ lù ú.

Mo wá pe ọkùnrin náà. Inú rẹ̀ ò dùn o, ó ní mo ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó gé fóònù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òun ló pè mí, ó ní òun máa mú mẹ́ta, ó ku ₦405,000 lẹ́yìn tá a yọ ẹ̀dínwó, ó ti fi ₦200,000 ránṣẹ́. Màmá Ẹdẹ, mo ti tọ́jú ẹ̀ de ilé ìwé, ẹ fọkàn balẹ̀, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi sọ tiyín. Ìyá Aláró ló fi sílẹ̀, torí òun gan-an ló fẹ́ fi tẹ kàlẹ́ńdà, nígbà tó gbọ́ pé owó ọ̀tọ̀ ni ó ní kí n máa gbádùn ẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, ẹ jẹ́ n má purọ́. Ẹnu ọ̀nà la máa gbé e kọ́ sí, níbi tí ẹni tó bá wọlé á ti kọ́kọ́ rí i.

Ìbéèrè kan ló kù. Báwo la ṣe máa gbé e ga tó, àti pé láti àná tí òjò ti ń rọ̀, mo rí i pé kánfáàsì rẹ̀ ti dẹ̀, ó ń yọ gẹ̀jẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Kí ni mo lè ṣe sí i?

Bọ̀dá Fúrémù, Ìlobùú:
Àárín àwòrán ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kó jẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sílẹ̀, ojú ẹni tó dúró á bá a. Ẹ má gbé e ti ògiri tó bá tutù, ẹ fi kóòkì kékeré sí ẹ̀yìn fúrémù kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ti kánfáàsì yẹn, ọ̀rinrin ló fà á. Má bu omi sí i o, má sì sá a sóòrùn. Gbé Ìyá Aláró wá bá mi ní Sátidé, màá bá ẹ tún un fà. Mi ò gbowó.