Kọ́mà inú àdírẹ́sì ń da kọ́lọ́ọ̀mù Excel mi rú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ní Kàbà. Orúkọ, fóònù, àdírẹ́sì àti owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú fáìlì CSV tó ń fi kọ́mà pín wọn.

Nígbà tí mo ṣí i tààrà nínú Excel, òdo iwájú 080 pòórá, àmì orí orúkọ sì di wúruwùru. Mo wá gba Data, From Text/CSV, mo yan UTF-8 (ètò ìkọ lẹ́tà tó gba àmì ohùn), mo sọ kọ́lọ́ọ̀mù fóònù di Text. Ìyẹn yanjú, inú mi sì dùn, torí kò yẹ ká ba orúkọ àwọn àgbà jẹ́.

Àdírẹ́sì ló kù. "Ọ̀nà Ọjà, Ìsánlú" ní kọ́mà nínú, kò sì sí àmì àyọlò tó yí i ká nínú fáìlì, ló bá pín sí méjì, owó sì sún kúrò láyè rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìlà ló rí bẹ́ẹ̀. Mo lo Text to Columns, irinṣẹ́ Excel tó ń pín ọ̀rọ̀ sí kọ́lọ́ọ̀mù, kò yàtọ̀. Owó olówó ni, ẹ̀rù àṣìṣe ń bà mí.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè so àdírẹ́sì wọ̀nyí pọ̀ láìtún ìlà kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ṣe? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.