Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èmi àti màmá mi ń lọ sí Kúbà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ní oṣù kọkànlá, èmi àti màmá mi máa tẹ̀ lé àwọn tó ń kó èèyàn rìnrìn-àjò afẹ́ lọ sí Kúbà láti Lọ́ńdọ̀nù: Havana, Viñales, àti Trinidad (ìlú kan ní Kúbà níbẹ̀ ni o, kì í ṣe orílẹ̀-èdè Trinidad). Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Owó ló ń kọ mí lóminú jù. Káàdì báǹkì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, báǹkì tèmi níhìn-ín náà ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà. Ṣé yúrò ni kí n kó dání àbí pọ́n-ùn? Èló lẹ fi máa ń ta afinimọ̀nà àti awakọ̀ lọ́rẹ, ṣé lójoojúmọ́ ni àbí lọ́jọ́ ìkẹyìn?

Iná máa ń lọ níbẹ̀ gan-an (ìyẹn ò kúkú ṣàjèjì sí wa), mo ti ra tọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ òkúta tí wọ́n tò sójú títì Trinidad rí gbágungbàgun. Irú bàtà wo ni kí màmá wọ̀? Sálúbàtà tí wọ́n fẹ́ràn yẹn ò lè gbà á.

Màmá tún ní dandan ni káwọn dé Regla, níbi tí wọ́n ti ń bọ Yemọja, ṣùgbọ́n kò sí nínú ètò. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ló ń gbé èèyàn sọdá síbẹ̀ láti Havana. Ṣé afinimọ̀nà máa ń gbà kéèyàn yà lọ fúnra rẹ̀, àbí kí n ti kọ̀wé sí àwọn tó ń kó wa lọ ṣáájú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ dá mi lóhùn.