Ọmọ mọ ìwé nílé, ó pòórá níbi ìdánwò: kí ló fà á?

Olùkọ́Báọ́lọ́jì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ á kàwé fún JAMB, á ṣàlàyé rẹ̀ nílé láìwòwé, ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Tó bá jáde tán, ìdáhùn á tún yọjú. Ṣé ìmọ̀ náà ló kúrò lórí rẹ̀ ni, àbí ọ̀nà àtidé ibẹ̀ ló dí? Kí la lè ṣe sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?

Ọ̀rọ̀Ọpọlọ
Ọ̀nà ló dí o, ọ̀gá mi. Lọ́dún 2000, olùwádìí kan, de Quervain, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tára wọn le ní cortisone, mílígíráàmù 25. Oògùn ni, ara ló ń sọ ọ́ di cortisol, èròjà tí ara fúnra rẹ̀ máa ń tú jáde tí ẹ̀rù bá bà wá. Àwọn tó lò ó kí wọ́n tó kọ́ ọ̀rọ̀, tàbí gẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ tán, kò gbàgbé ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó lò ó ní wákàtí 1 kí wọ́n tó bi wọ́n lọ́jọ́ kejì ló gbàgbé. Ohun tí wọ́n kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Fífà á yọ ló nira.

Bí ìbẹ̀rù ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Amygdala, apá kékeré kan nínú ọpọlọ tó wà nínú lọ́hùn-ún lápá ẹ̀bátí, ló ń lu agogo ewu. Adrenaline, èròjà tó ń múra ara sílẹ̀ fún ewu, kì í pẹ́ tú jáde, àyà á máa lù kìkì. Cortisol ló ń pẹ́ dé: ó máa ń tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó ga jù. Ọmọ tí àyà rẹ̀ já lẹ́nu ọ̀nà, àárín ìdánwò gan-an ni tirẹ̀ máa dójú ẹ̀. Hippocampus, apá ọpọlọ tó ń bá wa wá ìrántí jáde, kún fún ibi tí cortisol ń so mọ́, ìyẹn ló fi tètè ń fara gbá a.

Lẹ́yìn náà, àtẹ tí ọpọlọ ń pàtẹ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí kéré, kì í gbà ju nǹkan bíi 4 lọ. Tí "bí mo bá fìdí rẹmi ńkọ́" àti "kí ni màmá mi máa sọ" bá ti gba àyè 2, ìṣirò onípele 3 kò ráyè mọ́.

Akọ́nimáTàn
Àkàtúnkà ni àṣìṣe tó burú jù. Ojú ló mọ ìwé náà, ọmọ á rò pé orí ló mọ̀ ọ́n. Nínú iṣẹ́ ìwádìí Roediger àti Karpicke ní 2006, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1, wọ́n rántí ìdá 42 nínú 100. Àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n dán ara wọn wò rántí 56.

Kí ó ka ojú ìwé 4 tàbí 5, kó pa á dé, kó kọ gbogbo ohun tó kù lórí rẹ̀ sínú ìwé òfìfo. Kó wá ṣí i, kó fi báírò pupa kọ ohun tó fò. Kó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹrin, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kó má tètè yọjú wo ìdáhùn o. Wíwá tó ń wá a kiri yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ fi aago sí i: ìbéèrè 180 ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní.

FàràBalẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún un pé "má bẹ̀rù". Ìbẹ̀rù díẹ̀ ń jí ọpọlọ. Kí ó tó wọlé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 kó kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an sílẹ̀. Àwọn olùwádìí Ramirez àti Beilock dán èyí wò ní 2011, ó sì gbé máàkì àwọn tí ìdánwò máa ń dẹ́rù bà jù sókè.

Mímí náà: kó fi imú mí sínú títí tó fi máa ka 4, kó mí síta díẹ̀díẹ̀ títí dé 6, fún ìṣẹ́jú 3. Mímí síta tó pẹ́ ló ń dẹ ìlù ọkàn lọ́wọ́. Tó bá ń mí helehele, òòyì á kọ́ ọ.

Olùkọ́Báọ́lọ́jì
Ẹ ṣé gan-an. Tó bá wá pòórá nínú gbọ̀ngàn ńkọ́?

Ọ̀rọ̀Ọpọlọ
Kó fò ó, kó dáhùn 3 tó mọ̀, kó padà. Kó má lé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kó wá ohun tó yí i ká: àwòrán tó wà lójú ìwé yẹn, àpẹẹrẹ tí olùkọ́ fi ṣàlàyé, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Apá kékeré kan ni hippocampus máa ń dì mú tó fi ń fa ìyókù jáde.