Ìdáhùn: "ayípadà" àti "ajere oníhò"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí alàgbà wa ará Ọ̀fà kọ lánàá nípa sísọ gáàsì di epo, níbi tí wọ́n ti pe catalyst, ohun tó ń mú kí kẹ́míkà kan tètè di òmíràn, ní "ayípadà", tí wọ́n sì pe MOF (metal-organic framework), kinní oníhò wínníwínní tí wọ́n fi irin àti èròjà oníkábọ́ọ̀nù hun, ní "ajere oníhò". Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mo mọ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ èyí.

Ayípadà kẹ̀? Ta ló yí padà? A kì í pe Ọlọ́run ní Aláìyípadà lásán. Catalyst bó ṣe wọlé ló ṣe ń jáde. Mítéènì inú gáàsì ló ń di mẹtanọ́ọ̀lù, epo olómi. "Mú" lẹ gbé mì, ẹ̀yin àgbà. Amúyípadà ni. Bí ẹ bá sì ní ohùn ìsàlẹ̀ lẹ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àyípadà, ìyẹn ti di ìṣẹ̀lẹ̀, kì í ṣe ohun tó fà á.

Ajere wo ni kò wá níhò? Ìyá ìyá mi mọ ìkòkò ní Òkèlele, n'Ílọrin wa níbí, títí ogbó fi dé. Ẹni tó bá wá ra ajere lọ́wọ́ wọn kì í béèrè èyí tó níhò. Ajere sì ń jò. Ihò MOF kì í jò, inú ẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Nínú MOF-808, ọ̀kan lára àwọn MOF, tí wọ́n lò ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ní 2018 (Yaghi tó gba Nobel kẹ́mísírì 2025 pẹ̀lú Kitagawa àti Robson wà lára wọn), bàbà ni wọ́n tò sínú ihò, bàbà onírin o, kì í ṣe ọkà. Ibẹ̀ ni mítéènì ti ń gba ọ̀síjìn kan péré. Háídrójìn mẹ́rin ló so mọ́ kábọ́ọ̀nù ẹ̀ pinpin, ó ṣòro já. Mẹtanọ́ọ̀lù tó bá sì jáde tún yá jóná ju mítéènì lọ. Nítorí pé inú ihò yẹn niṣẹ́ wà, oníyàrá ni kí ẹ pe MOF.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ohun tí wọ́n ń ṣe ní Escravos, iléeṣẹ́ tó ń sọ gáàsì di epo ní ìpínlẹ̀ Delta, nìyẹn, rárá o. Ọ̀nà tí Fischer àti Tropsch là ní Jámánì ni tibẹ̀, kóbáltì ni amúyípadà tí wọ́n ń lò, àgbá epo 33,000 lójúmọ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún. MOF ò sí níbẹ̀.

Ẹni tó sì kọ ọ́ pé ará Ìlọrin ò gbọ́ Yorùbá débi tí yóò fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, mo ti rí i. Kó kọ́kọ́ fi àmì ohùn sórí ohun tó kọ ná. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀.