Wọ́n tún ní kí n wá ya inú ojú, ó ti sú mi

Ẹni tó béèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi. Ojú ọ̀tún mi ló ń wú látinú, uveitis ni dọ́kítà pè é. Láàárín oṣù méjì wọ́n ti ya OCT fún mi lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí wọ́n máa ní kéèyàn gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kó tẹjú mọ́ iná kékeré kan. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn nọ́ọ̀sì ń jágbe mọ́ mi, ẹ má ṣẹ́jú ẹ má ṣẹ́jú, bí ẹni pé mo mọ̀ọ́mọ̀, omi sì ń dà pòròpòrò lójú mi. Ní báyìí wọ́n ní kí n wá ya èyí tí wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa aró sí mi lápá. Ṣé apá ló ń dùn mí ni? Ọkọ mi ní kí n má lọ. Ṣé mo lè ní mi ò ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Mo ti ṣe é rí, fluorescein ni wọ́n ń pe aró yẹn. Èébì gbé mi díẹ̀ bó ṣe wọlé, ó sì lọ. Ara mi pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ìtọ̀ mi rí bí omi ọsàn, ìyá ọkọ mi rí mi ló figbe ta, a ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ ti ń lọ.

Àkànní: Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Sista, iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀. OCT ò ní abẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń wo awọ ẹ̀yìn ojú ní ìpele ìpele, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i bóyá omi kó jọ sí gbùngbùn ibi tá a fi ń ríran. Aró ní tiẹ̀ máa ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń jò hàn àtèyí tó ti dí. Ṣé ẹ lóyún? Ṣé oògùn kankan máa ń bá yín jà? Kí ni OCT méjèèjì sọ?

Fẹ́mi T: Èmi oyin ni mò ń kán sí tèmi, mi ò ya nǹkankan.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má kọ́ wọn ní ohun tó máa fọ́ wọn lójú.

Fẹ́mi T: Ta ni mo ní kó kán an? Tèmi ni mo sọ.

Ẹni tó béèrè: Mi ò lóyún, oògùn kankan ò bá mi jà. Ẹ ò tiẹ̀ sọ nǹkankan nípa nọ́ọ̀sì yẹn. OCT àkọ́kọ́ fi hàn pé omi wà níbẹ̀, ìkejì ní ó ti pọ̀ sí i. Dọ́kítà gbé àwòrán méjèèjì síra wọn, ó mirí, ó ní ó jọ pé oògùn ò ràn án, ká lọ sórí èyí tó lágbára jù. Ó yà mí lẹ́nu, torí ojú funfun báláú látìgbà tí mo ti dáwọ́ oògùn dúró.

Àkànní: Ẹ dáwọ́ kí ni dúró??

Ẹni tó béèrè: Prednisolone, èyí tí mò ń kán àti oníhóró. Ojú ò pọ́n mọ́, kò ro mí mọ́, mo sì gbọ́ pé ó máa ń jẹ́ kí ìfúnpá inú ojú ga, àbí irọ́ ni? Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó ya ìkejì. Dọ́kítà bi mí pé ṣé mò ń lò ó, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àkànní: Kì í ṣe irọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá yẹn. Àmọ́ ojú lè funfun níta kí ẹ̀yìn ẹ̀ máa wú, dígí ò lè fi ìyẹn hàn yín. Àwòrán tí dọ́kítà ń wò, ó rò pé oògùn wà lára yín ni! Oníhóró yẹn pàápàá, wọn kì í já a lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń dín in. Ẹ pè é lónìí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pè é ma, ẹ má tijú.

Ẹni tó béèrè: Mo ti pè. Ó ní kí n kó gbogbo páálí oògùn dání láàárọ̀ ọ̀la, á tún OCT yà ná kó tó mọ̀ bóyá aró ṣì pọn dandan. Nọ́ọ̀sì yẹn ló gbé fóònù, ó ní ẹ ṣé tẹ́ ẹ pè.